Ìbéèrè Àkọ́kọ́ ní Alékúwodò

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin lo dé.
Lóòótọ́, aago mẹ́jọ la sọ fún ọ,
ṣùgbọ́n èmi nìkan lo bá, mo ń gbálẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà láàárín eyín mi.
Hyewon, ọmọ Kòríà,
iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ló yọ̀ǹda rẹ
fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lọ́fẹ̀ẹ́,
kí o wá gba àwa tí ń se ọṣẹ dúdú nímọ̀ràn
bí owó ṣe ń wọlé tí kì í tètè jáde.
Mo rẹ́rìn-ín sínú: ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ọṣẹ,
wọ́n kúkú bá ara wọn tan.

Aago mẹ́sàn-án kọjá káwọn ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé.
Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà.
Ṣé àlàáfíà ni ìyá wà nílé? Baba ńkọ́?
Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù?
Alhaja Sàlámótù tiẹ̀ kí ọ ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,"
ẹni tí kò rí ọ rí láyé.
Orúkọ rẹ kọ̀ láti gba ẹnu rẹ̀ jáde,
ló bá ní: "Ọ̀wọ́n ni. Ọ̀wọ́n la ó máa pè é."
O ń yọ́ aago ọwọ́ rẹ wò,
o tún ń fi apá ẹ̀wù bò ó.

Nígbà tí o tẹrí ba,
tí o fi ọwọ́ méjèèjì gba ife omi,
gbogbo ilé pa rọ́rọ́.
Ìyá Mopélọ́lá ní: "Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"
O ní ìyá tó bí ìyá rẹ ni,
ní abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà.

O wá ṣí kọ̀ǹpútà:
àpótí aláwọ̀ mẹ́ta, ọfà ń lọ, ọfà ń bọ̀.
O ní kí n bi wọ́n pé, kí ni ìṣòro yín?

Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́nà ọ̀fun.
Ta ní í kó ìṣòro ká iwájú àlejò
kí àlejò tó fi nǹkan kan ẹnu?
Mo bi wọ́n ṣá. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:
"A ò ní ìṣòro. A dúpẹ́. Ọlọ́run ń ṣe é."
O kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí ìṣòro.
Mo rí i lójú rẹ pé o ń ṣírò iye òkun tí o fò kọjá
wá bá àwọn tí kò ní ìṣòro.

Iná lọ. Kọ̀ǹpútà han díẹ̀, ó kú.
A fún ọ ní ìrẹsì tí a ò fi ata sí, nítorí ìbẹ̀rù;
o ní, ata dà?

Aago méjì, o di ẹrù rẹ.
Wọ́n sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè tí koríko ti bò.
Ibẹ̀ ni Ìyá Mopélọ́lá ti fà mí láṣọ:
"Bá mi sọ fún Ọ̀wọ́n pé òṣùwọ̀n wa ń purọ́."
Alhaja ní: "Àti eérú. Àwọn tó ń ta eérú èèpo kòkó fún wa
ti ń po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn láti èṣí."
Ẹnì kẹta ò sọ̀rọ̀ sókè:
owó ẹgbẹ́ tí akápò kó lọ sí Ìlọrin,
tí òun ò lè béèrè,
nítorí àbúrò ọkọ òun ni.

O wò mí. Ṣé ìpàdé ò ti parí ni?
Mo ní, ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀.
O jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì àdín tó ṣófo létí títì,
ìwé pélébé lórí orúnkún,
ọ̀kadà ń bu eruku sí ọ lára.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo túmọ̀.
Ti akápò yẹn, mo dín in kù;
o ò tíì lo ọjọ́ kan tán láàárín wa.
Ṣùgbọ́n o wo ojú obìnrin náà,
o kọ nǹkan kan ní èdè rẹ,
lẹ́tà tó dà bí ilé kéékèèké,
o fa ìlà sí i nídìí, lẹ́ẹ̀mejì.
Mi ò bi ọ́ ohun tí o kọ.

"Lọ́la, aago mẹ́jọ," lo wí.
Mo ní, "Lọ́la, aago mẹ́jọ."
O kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí èmi náà tó rẹ́rìn-ín.